Kòkòrò Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn ti Shubaikah

Sátidé, 12 Oṣù Kejìlá 1998. Al-Nuzlah, Jídà.

Òjò rọ̀ lánàá, ó tún rọ̀ lónìí. Ní Ìbàdàn, ìyẹn kò tó nǹkan tí ènìyàn ń kọ sínú ìwé. Níbí, òjò wákàtí kan péré, ọkọ̀ mẹ́ta ti ń lúwẹ̀ẹ́ níwájú ilé wa, onílé sì gun orí àga, ó ń ṣàlàyé fún Ọlọ́run ibi tí wáyà iná gbà kọjá.

Ọ̀gá mi, Ziyad, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n fi eku èbúté sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń pa eku ní èbúté Jídà, eku ibẹ̀ ti mọ ohùn mi. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní Poli Ìbàdàn, mo gba ìwé-ẹ̀rí méjì, kí n tó wá máa fi ẹja gbígbẹ tan eku. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi pé kí ni mo ń ṣe ní Sáúdí, wọ́n á ní iṣẹ́ ìlera ni. Wọn ò parọ́. Wọn ò kàn sọ ìlera ta ni.

"Múhándìs," Ziyad ní. Ẹnikẹ́ni tó bá ti mú sùkúrú-dẹ́rẹ́fà dání, múhándìs, ìyẹn ẹnjiníà, ló ń pè é. "Ilé àlejò kan wà ní Mẹ́kà, ní Shubaikah. Wolé-wolé rí ẹ̀fọn níbẹ̀. Ẹ̀fọn tó tó báyìí." Ó na ìka rẹ̀ tó gùn jù. "Ìwọ nìkan ló ń lọ. Tí o bá yanjú ẹ̀, mo gbé ọ lọ sí ẹ̀ka kòkòrò. Tí o kò bá yanjú ẹ̀, àwọn eku rẹ ń bẹ níbẹ̀, wọn ò lọ sí ibì kankan."

Àìkú, 13 Oṣù Kejìlá. Shubaikah, Mẹ́kà.

Ilé alájà mẹ́rin, yàrá méjìdínlógún, àtẹ̀gùn kan tó ń yí bí ìfun. Èmi kò rí ẹni tó ni ilé, kò sì dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ń rí i. Bàbá Abdulwahid ni háríìsì, àwọn ló ń ṣọ́ ilé, tó ń gba àlejò, tó ń tún páìpù ṣe. Bàbá-bàbá wọn ló fẹsẹ̀ rìn láti Ìlọrin wá ṣe Hájì, kò padà. Bàbá kò rí Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ Yorùbá bí ìwé tó ti pẹ́ nínú àpótí. Wọ́n pe ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ní "ọkọ̀ ilẹ̀".

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni ẹlẹ́fọn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ń kàwé ẹ̀fọn ni nílé báyìí?"

"Ọdún márùn-ún, Bàbá."

"Subuhánàlláhì." Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó sọ owó nù.

Ọmọbìnrin wọn, Afnan, tó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ló ń kọ orúkọ àlejò sínú ìwé ńlá. Yorùbá ni Bàbá ń bá a sọ, Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Kò sí èyí tó ń dá èkejì lẹ́bi.

Ìwé wolé-wolé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní, àti pé bí òun bá ṣì bá kòkòrò yìí nínú yàrá, òun á fi èdìdì pupa ti ilé náà pa. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Rámádánì fẹ́ wọlé. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni ilé yìí ń kún, òun ni wọ́n fi ń jẹun títí di Hájì. Onílé sì ti ránṣẹ́ pé bí wọ́n bá tì í, òun á wó o, òun á kọ́ òtẹ́ẹ̀lì onídígí síbẹ̀. Yàrá méjì ìsàlẹ̀ ni Bàbá àti Afnan ń gbé. Wọn ò ní ibòmíràn.

Mo gbé agolo oògùn, mo gòkè. Ní àjà kejì, Àlàájà kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n fẹ̀ tó àtẹ̀gùn. Àlàájà Kulthum, ará Ìwó. Wọ́n ti wá ṣáájú ààwẹ̀ kí wọ́n lè gbà á pé.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fín ẹ̀fọn, ma."

"Mo wà nínú ìhírámù. Kò sẹ́ni tó máa pa nǹkan ẹlẹ́mìí létí mi títí n ó fi ṣe úmúrà mi tán."

"Ẹ̀fọn ni, Àlàájà."

"Ta ló sọ? Ó ti jẹ ọ́ rí?"

Mo gbé agolo sílẹ̀, mo jókòó sí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ tiwọn, a jọ ń wo kòkòrò náà. Mélòó kan wà lára ògiri. Ara wọn tínínrín, ìyẹ́ méjì tó ń dán, ẹsẹ̀ mẹ́fà tó gùn ju ohun tí ara bẹ́ẹ̀ lè san gbèsè rẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi, ó fò lọ.

"O ti gé e lẹ́sẹ̀," Àlàájà ní.

"Òun ló fún mi, ma."

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo kà nínú ilé. Kò sí àlejò kan tó sọ pé ó jẹ òun. Mo bi gbogbo wọn.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kejìlá.

Ìlà kan wà lórí fọ́ọ̀mù wa: "Orúkọ kòkòrò". Ní èbúté, eku ni mo máa ń kọ, mo sì máa ń lọ jẹun. Èyí kò jẹ́ kí n jẹun. Mo kọ ẹ̀fọn, mo fagi lé e.

Mo wá ń bi ènìyàn kiri. Àlàájà Kulthum ní ìyá ẹ̀fọn ni. Ará Íjíbítì tó ń yan búrẹ́dì nísàlẹ̀ ní ọkọ ẹ̀fọn ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ ènìyàn, iṣẹ́ obìnrin nìyẹn. Télọ̀ kan, ará Pakistan, sọ orúkọ gígùn kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó kọ̀ láti túmọ̀ rẹ̀ torí pé òun ti ṣe àlùwàlá. Ẹni tó bá pè é ní ẹ̀fọn, bàtà ló máa fi lù ú. Ẹni tó bá pè é ní ọkọ, á kàn wò ó pẹ̀lú àánú.

Mo bi Bàbá Abdulwahid.

"Kò lórúkọ."

"Bàbá, gbogbo nǹkan ló lórúkọ."

"Èyí kò ní." Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe àlùwàlá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán ni. Omi ṣì wà ní irùngbọ̀n wọn.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kejìlá.

Àlàájà ti ṣe úmúrà wọn tán, wọ́n sì yọ̀ǹda gbogbo ilé àyàfi àjà tiwọn. Mo fín in láti òrùlé dé ìsàlẹ̀. Mo gbá òkú mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Afnan fi ìṣọ́ra ṣí fèrèsé, ó sì sọ nǹkan kan ní Lárúbáwá tí mo rò pé ìyìn ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìtumọ̀ rẹ̀: òórùn.

Tòmátì ti di riyal mẹ́fà kílò kan. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ méjì, ọjà ti kọ́kọ́ gbà á fún wa.

Sátidé, 19 Oṣù Kejìlá.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kòkòrò ti padà. Mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ajé, 21 Oṣù Kejìlá. Jídà.

Mo kó márùn-ún sínú páálí tí wọ́n fi ń ta dàbídù, mo gbé e lọ fún Dókítà Dawud, ará Ọ̀fà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní ìmọ̀ ẹranko níbí. Wọ́n fi awò wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Tawfiq, ẹ̀fọn kọ́ nìyí. Ṣé o mọ àgùfọn?"

"Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn, sà."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà gùn."

"Ó tán. Òyìnbó wo ẹsẹ̀ kòkòrò yìí, ó rántí ẹyẹ náà, ó ní eṣinṣin àgùfọn ni. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ń pè é ní bàbá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń pè é ní àwòdì ẹ̀fọn, wọ́n ní ẹ̀fọn ló ń gbé jẹ."

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Irọ́ ni. Kò jẹ ẹ̀fọn, kò jẹ ènìyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan kan rárá. Á jáde, á lo ọjọ́ díẹ̀, á wá aya, á kú."

"Bí ọmọ Poli, sà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Yunifásítì làwọn lọ.

Wọ́n ṣí ìwé ńlá kan. Àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ Látìnì, orúkọ tí àwọn ará ìgbàanì ń pe kòkòrò tó ń sáré lórí omi. Èyí kì í sáré lórí omi, kódà ògiri ń rẹ̀ ẹ́. Mo ka orúkọ tí mo ti kó jọ sétí wọn, ìyá, ọkọ, bàbá, àwòdì, àgùfọn.

"Gbogbo wọn ló wo ara rẹ̀ nìkan, sà. Kò sí èyí tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Orúkọ kò ní láti sọ òótọ́. Kó ṣáà ti dúró." Wọ́n pa ìwé dé. "Ṣùgbọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Inú ilẹ̀ tó rin ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, nínú nǹkan tó ń jẹrà. Àwọn tó ò ń fín oògùn sí, wọ́n ti jẹ ayé tán. Lọ wá ibi tó rin."

Mo ti fi oògùn agolo mẹ́rin pa àwọn tó fẹ́ kú lọ́la. Kò sí ìlà fún ìyẹn lórí fọ́ọ̀mù.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kejìlá. Shubaikah.

Mo wá ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Táǹkì òrùlé kò jò. Páìpù kò jò. Mo ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, mo jókòó ti mítà fún wákàtí kan. Kò mira. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ gbẹ bí ọ̀fun mi. Òùngbẹ ààwẹ̀, ọjọ́ karùn-ún.

Ilẹ̀kùn irin kan wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ó ní ihò kéékèèké lókè. Mo rí ọ̀kan tó ń yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ihò náà, bí àgbàlagbà tó ń jáde nínú ọkọ̀.

"Bàbá, kí ló wà níbí?"

"Yàrá ẹrù àtijọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù."

Mo ti rí àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù rí. Wọn kì í fi epo pa á bí wọ́n ṣe pa èyí.

Mi ò kọ ọ́ sínú ìròyìn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà ìṣínu, Bàbá fi àwo dàbídù sí àárín àwa méjèèjì, wọ́n yí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọn tó rọ̀ jù fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Sátidé, 26 Oṣù Kejìlá.

Ọ̀kan bà lé ìwé àlejò níwájú Afnan. Kò pa á. Ó fi ife tíì bò ó, ó ti páálí sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e dé fèrèsé. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó fi Lárúbáwá dáhùn: ìyá bàbá mi ni.

"Kí ni Màmá ń pè é?"

Ó ronú. Láàárín Lárúbáwá rẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì jáde, mímọ́ tónítóní: "Àlejò omi." Ó padà sí Lárúbáwá kíá. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, bí ọ̀kan bá wọlé, Màmá kì í lé e. Wọ́n á ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn àlejò, ẹ wá ẹni tó pè é. Gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí omi ti ń jò, wọn ò sì ní jẹun títí wọ́n á fi rí i.

Mo kó orúkọ jọ fún ọjọ́ mọ́kànlá, mo kó o dé Jídà. Èyí nìkan ni kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ibi tí kòkòrò náà ti ń bọ̀ ló sọ. Obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì kan rí, ó ti ṣe iṣẹ́ mi tán kí wọ́n tó bí mi.

"Bàbá rẹ mọ orúkọ yìí?"

Afnan pa ìwé dé. "Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ ọ jù. Má bi wọ́n níwájú àlejò."

Àìkú, 27 Oṣù Kejìlá.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, mo bá Bàbá nínú yàrá wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ méjì náà, mi ò sọ ẹ̀kẹta.

Wọ́n ṣí fìlà, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́tàlélógójì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin náà. Wọ́n tò wọ́n lórí ẹní àti páálí, lórí ilẹ̀ lásán, títí dé òrùlé. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: Sharifa, Ilé Lẹ́mọ́mù, Ìwó. Bashir, Ìwó. Harun, Ìwó. Kẹ́ẹ̀gì ti sán, àwọn mìíràn ti gbẹ pátápátá, àwọn mìíràn ń kán. Ẹní ti di àkìtàn. Mo fi igi tú u, ìdin wà níbẹ̀, àwọ̀ wọn dà bí eérú, awọ wọn le bí ìgbànú. Iye wọn? Mo dẹ́kun kíkà. Àwọn tó ti níyẹ̀ẹ́ ń gun ilẹ̀kùn irin lọ síbi ihò.

"Omi kí ni, Bàbá?" Mo ti mọ̀.

"Sámúsámù."

Àwọn arìnrìn-àjò Hájì tó kọjá ló fi omi mímọ́ náà sílẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kọ̀ ọ́, ẹrù ti pọ̀jù. Ọkùnrin kan ní òun á fi ọkọ̀ ojú omi kó o láti Jídà lọ sí Èkó, ó ní kí Bàbá bá òun tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù kẹrin nìyẹn. Ọkùnrin náà kò padà wá, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò dà á nù?"

"Dà á nù? Sámúsámù? Àmánà tí ènìyàn fi sọ́wọ́ mi?"

"Ó ń jò dànù náà ni, Bàbá."

"Èyí tó jò, òun ló jò. Èyí tí mo bá dà, èmi ni mo dà á."

Wọ́n ní bí wolé-wolé bá rí yàrá yìí, ilé ti tán. Bí wọ́n bá sì da omi náà nù, wọ́n á dé ọ̀run, ènìyàn mẹ́tàlélógójì á ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́. Wọ́n ti rò ó láti oṣù kẹjọ tí èyí àkọ́kọ́ ti sán. Wọn ò rí ọ̀nà kẹta.

Mo fẹ́ ṣàwàdà. Kò sí èyí tó wá.

Ajé, 28 Oṣù Kejìlá.

Mo kọ ìròyìn fún Ziyad lẹ́ẹ̀mẹta, mo ya á lẹ́ẹ̀mẹta. Òjò díẹ̀ ní ọ̀sán. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wolé-wolé padà.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kejìlá.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá, mo sọ fún Àlàájà Kulthum. Ó ti yẹ kí n ronú rẹ̀ láti Àìkú: orúkọ ìlú wọn ló wà lára gbogbo kẹ́ẹ̀gì.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń kà á sókè bí ẹni tó ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà. "Sharifa. Aya Lẹ́mọ́mù wa nìyẹn. Harun, ẹni tó ń ta irin. Bashir, ẹlẹ́jọ́! Morufat..." Tọ́ọ̀ṣì dúró. "Morufat ti kú. Oṣù kẹsàn-án." Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ṣe àdúà fún un, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí Bàbá.

"Àlàájì, ta ni ẹ rán sí Ìwó láti oṣù kẹrin?"

"Mi ò mọ ẹnì kankan ní Ìwó."

"Èmi ńkọ́? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń jókòó sórí àtẹ̀gùn yín."

"Ojú ló ń tì mí, Àlàájà."

"Ojú ń ti ọkùnrin, kòkòrò ń bímọ."

Bàbá wo ilẹ̀. Àlàájà rọ ohùn wọn. Wọ́n ní ará ìlú kan lè dúró fún ará ìlú rẹ̀. Àwọn á fi ọwọ́ ara wọn pọn Sámúsámù tuntun ní mọ́ṣáláṣí Hárámù, ìgò kékeré mẹ́tàlélógójì, àwọn á gbé e lọ sí ilé oníkálukú, ti Morufat á lọ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn aṣọ tí wọ́n fẹ́ rà kò ní wọ inú àpótí mọ́, kò burú. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, kí a dà á síbi tí ẹsẹ̀ kò ti ní máa tẹ̀ ẹ́.

"Bí ẹnì kan kò bá wá foríjì mí?" Bàbá ní.

"Kó wá bá mi ní ilé mi. Ó mọ̀nà."

Mo ní dongoyaro wà ní Àráfà, tí wọ́n gbìn fún ibòji àwọn arìnrìn-àjò.

"Ṣé dongoyaro ń mu Sámúsámù?"

"Kò sí ohun tí kò ní mu ní Àráfà, Bàbá."

Sátidé, 2 Oṣù Kìn-ín-ní 1999.

Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, ìrìn méjì. Mo sọ fún Ziyad pé mo ń kó orísun kòkòrò kúrò. Òótọ́ ni.

Òfìfo ni Àráfà nígbà yìí, igi àti ìyanrìn àti ará Bangladéṣì kan tó ń fi rọ́bà bomi rin igi. A bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká bá a ṣe díẹ̀. Kò bèèrè ìdí, ó kàn wá ibòji sùn sí.

Àlàájà ń pe orúkọ. Bàbá ń gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á ní "Mo fi jíṣẹ́", wọ́n á dà á sí ìdí igi. Èmi ń gbé, mo ń wo omi tó ń lọ, ètè mi ti là. Láyé mi, mi ò tíì gbààwẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́tàdínlógún nínú kẹ́ẹ̀gì náà kò ní nǹkan kan nínú mọ́. Mo fẹ́ jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, Bàbá di ọwọ́ mi mú. Àlàájà pe orúkọ. Bàbá dorí kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà kodò, wọ́n dúró bí omi ìbá ti pẹ́ tó, wọ́n ní "Mo fi jíṣẹ́."

Títí dé ẹ̀kẹtàlélógójì ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká yára.

Ajé, 4 Oṣù Kìn-ín-ní.

A hú ẹní àti ilẹ̀ tó rin jáde, àpò mọ́kànlá. A da símẹ́ńtì sílẹ̀ yàrá náà. Ẹ̀yìn mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Mẹ́rin péré ni mo rí lára ògiri lónìí, ọ̀kan ti sọ ẹsẹ̀ mẹ́rin nù, ó ṣì ń gbìyànjú. Mo kọ ìròyìn: orísun jẹ́ yàrá ẹrù tó rin, wọ́n ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sí ẹ̀fọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò kọ irú omi tó jẹ́. Ziyad kò bèèrè.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kìn-ín-ní.

Wolé-wolé dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó wọ gbogbo yàrá, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó fi ìka nu òkè ilẹ̀kùn. Kò rí kòkòrò kan. Ó padà sísàlẹ̀, ó yọ bírò. Afnan mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ibì kan hàn yín," Bàbá ní.

Mo rí eku èbúté kedere, gbogbo wọn, wọ́n ń kí mi káàbọ̀.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn irin. Símẹ́ńtì kò tíì gbẹ tán, àmì omi wà lára ògiri. Wolé-wolé ní kí ló wà níbí. Bàbá sọ ọ́ láti oṣù kẹrin títí dé Àráfà, wọn ò fo nǹkan kan, wọn ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni àwọn fi í pamọ́, ẹnikẹ́ni mìíràn kò mọ̀. Ìyẹn nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ọkùnrin náà fi ìka kan símẹ́ńtì.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ dà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ ò fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ara yín?"

"Kì í ṣe tiwa."

Ó kọ̀wé pẹ́. Afnan di apá mi mú, kò mọ̀ pé òun dì í mú, mi ò sì sọ fún un. Wolé-wolé ya ìwé náà fún Bàbá: kí wọ́n ṣí fèrèsé sí yàrá ẹrù kí Hájì tó dé, òun á padà wá wò ó. Ilé lè gba àlejò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wá ibi tó máa jù ú sí, kò rí, ó kì í bọ àpò.

Láàárín alásárì àti ìṣínu, yàrá mọ́kànlá ti kún.

Ajé, 18 Oṣù Kìn-ín-ní. Al-Nuzlah.

Ìtúnu ààwẹ̀. Ziyad ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka kòkòrò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́: èèrà ní ilé búrẹ́dì. Mo ti gòkè.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejì. Shubaikah.

Mo wá wo fèrèsé tuntun. Fóònù dún láti Ìwó, Bàbá gbé e, wọ́n ní kí n súnmọ́ ọn kí n lè gbọ́. Àlàájà Kulthum ti pín ìgò tán. Ènìyàn méjìlélógójì ló gbà á, tí wọ́n sì foríjì. Ọmọ Morufat sunkún. Ó ku ẹnì kan, ó ní dandan òun á bá háríìsì sọ̀rọ̀.

"Bashir ni mí. Kẹ́ẹ̀gì tèmi, lítà márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ìgò oògùn ojú ni Kulthum gbé wá. Ìyókù ńkọ́?"

Bàbá nu ẹnu.

"Ó wà ní Àráfà, Àlàájì. Ìdí dongoyaro ni mo dà á sí. Igi náà ti ń yọ ewé. Bí ẹ bá tún wá sí Hájì, ẹ lè jókòó sábẹ́ rẹ̀."

Mo ń gbọ́ tí adìẹ kan ń ké ní Ìwó. Nígbà tí ohùn ọkùnrin náà padà wá, ìjà ti tán nínú rẹ̀.

"Igi wo?"

Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, wọ́n wò mí. Mo ní kí wọ́n sọ pé ẹ̀kẹta láti ẹ̀gbẹ́ títì, ta ló fẹ́ mọ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ṣí ọwọ́ kúrò, wọ́n ní kí Àlàájì Bashir fún àwọn di ọ̀sán Jímọ̀, àwọn fẹ́ lọ fi ojú ara àwọn wò ó.

Àárọ̀ Jímọ̀ la ó gbéra. Ọkọ̀ ilẹ̀ ti ní epo.